Ìwé, Orúkọ àti Nọ́ńbà: Ètò Àkọsílẹ̀ ní Ilé-Ìkówèésí Orílẹ̀-Èdè Côte d'Ivoire

Ilé-Ìkówèésí Orílẹ̀-Èdè Côte d'Ivoire, tí ó wà ní Plateau nílùú Abidjan, ni wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1968, ìwé tí ó sì fi bẹ̀rẹ̀ ni èyí tí ó jogún lọ́wọ́ ẹ̀ka IFAN tí ó ti wà nílùú náà tẹ́lẹ̀. IFAN ni ilé-iṣẹ́ ìwádìí tí ìjọba amúnisìn Faransé dá sílẹ̀ sí Dakar ní ọdún 1936 láti máa kọ́ nípa ènìyàn, ilẹ̀ àti ohun abẹ̀mí ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, nítorí náà ìwé ìwádìí ni ogún yìí, kì í ṣe ìwé àkàgbádùn. Ilé-ìkówèésí orílẹ̀-èdè yàtọ̀ sí ti ilé-ìwé tàbí ti àdúgbò ní ti pé pípa ìwé mọ́ fún ìran tí ń bọ̀ ṣáájú yíyá a fún òǹkàwé, ètò àkọsílẹ̀ rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ lè dáhùn ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò tíì bi í.

Ọ̀nà pàtàkì tí ìwé ń gbà wọ irú ilé bẹ́ẹ̀ ni ohun tí àwọn Faransé ń pè ní dépôt légal, ìyẹn òfin tí ó sọ ọ́ di dandan fún ẹni tí ó bá tẹ ìwé lórílẹ̀-èdè láti fi ẹ̀dà rẹ̀ sílẹ̀ fún ìjọba láìgbowó. Ọba François Kìíní ni ó kọ́kọ́ pa irú àṣẹ yìí ní ilẹ̀ Faransé ní 1537. Ní Nàìjíríà, òfin ọdún 1950 ni ó mú kí ìwé máa wọ ilé-ìkówèésí yunifásítì ní Ìbàdàn. Ohun tí a bá tẹ̀ ní Abidjan, bí ìwé ìròyìn Fraternité Matin tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1964 tàbí àwọn ìwé ilé-ìtẹ̀wé CEDA tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1961, kò nira láti kà sí ti orílẹ̀-èdè. Ṣùgbọ́n ọdún 1968 yẹn kan náà ni Les Soleils des indépendances, ìwé ìtàn àròsọ ti Ahmadou Kourouma, ọmọ Côte d'Ivoire, jáde, ilé-ìtẹ̀wé yunifásítì ní Montréal ní Kánádà ni ó sì gbé e jáde, kí Seuil ní Paris tó tún un tẹ̀ ní 1970. Òfin Abidjan kò dé Montréal. Àfi kí ilé-ìkówèésí ra irú ìwé bẹ́ẹ̀ tàbí kí ẹnìkan ta á lọ́rẹ.

Ìdí nìyí tí a fi ń ya kátálọ́ọ̀gì sọ́tọ̀ sí ìwé-àkójọ àtẹ̀jáde orílẹ̀-èdè: kátálọ́ọ̀gì ń sọ ohun tí ó wà nílé, ìwé-àkójọ sì ń sọ ohun tí a tẹ̀ jáde, ìbáà wà nílé tàbí kò sí. Bibliographie de la Côte d'Ivoire, tí ilé-ìkówèésí náà ṣe, bẹ̀rẹ̀ láti orí àtẹ̀jáde ọdún 1969.

Orúkọ òǹkọ̀wé ni ó tún ń fa wàhálà. Alákọsílẹ̀ ní láti yan ọ̀nà kan ṣoṣo láti kọ ọ́, kí ó sì mú gbogbo ọ̀nà yòókù tọ́ka sí i, kí iṣẹ́ ẹnìkan má baà fọ́n ká. Amadou Hampâté Bâ, ọmọ Mali tí ó kú sí Abidjan ní 1991, ṣé lábẹ́ H ni tàbí lábẹ́ B? Kouassi, Koffi àti Kouamé, tí í ṣe orúkọ ọjọ́ ìbí láàárín àwọn Baoulé, lè jẹ́ orúkọ ìdílé tàbí orúkọ ẹni, ojú lásán kò sì lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Orúkọ orílẹ̀-èdè pàápàá yí padà lọ́wọ́ àwọn àjèjì, nítorí pé ní 1985 ìjọba rẹ̀ béèrè pé kí gbogbo èdè máa pè é ní Côte d'Ivoire láì túmọ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni nọ́ńbà ISBN, tí a ń fi dá ìwé mọ̀ káàkiri ayé, kò tó láti fi mọ orílẹ̀-èdè tí ìwé ti wá: ìwé Nàìjíríà ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 978-978, ti orílẹ̀-èdè náà nìkan, nígbà tí ìwé Abidjan ń pín 978-2 pẹ̀lú Paris, Brussels àti Montréal.

Lẹ́yìn orúkọ ni ìsọ̀rí. Èyí tí ó gbajúmọ̀ jù ni ti Melvil Dewey, ará Amẹ́ríkà, tí ó pín ìmọ̀ sí ìsọ̀rí mẹ́wàá láti 000 dé 900 ní 1876. Láti 1895 ni Paul Otlet àti Henri La Fontaine ní Brussels ti bẹ̀rẹ̀ sí sọ ọ́ di ètò tí ó gbòòrò sí i, tí ọ̀pọ̀ ilé-ìkówèésí ìwádìí ní Yúróòpù gbà lò. Ẹwà ètò Dewey ni pé a lè so nọ́ńbà pọ̀ mọ́ nọ́ńbà. Bí ẹnìkan bá kọ ìwé nípa àwọn ọmọ Yorùbá tí ó ń ṣòwò ní Abidjan, àwọn tí ará ibẹ̀ ń pè ní Anago, a ó mú 305.8 tí í ṣe ti ẹ̀yà, a ó fi 96333 ti Yorùbá kún un, a ó fi òdo là wọ́n láàárín, a ó sì fi 6668 ti Côte d'Ivoire parí rẹ̀: 305.89633306668. Ìtàn Côte d'Ivoire wà ní 966.68, ìtàn Nàìjíríà ní 966.9.

Àbùkù rẹ̀ náà kò farasin. Nínú ìsọ̀rí 200 tí í ṣe ti ẹ̀sìn, ẹ̀sìn Kristẹni àti Bíbélì gba láti 220 dé 289, Ìsìláàmù gba 297, gbogbo ẹ̀sìn ìbílẹ̀ Áfíríkà sì ń fún ara wọn mọ́ inú 299. Ìwé ìtàn àròsọ Kourouma yóò bọ́ sí 843, láàárín ìtàn àròsọ èdè Faransé, nítorí èdè ni Dewey ń wò, kì í ṣe ibi tí òǹkọ̀wé ti wá. Èyí tí ó tilẹ̀ ta kókó jù ni Le Pagne noir tí Bernard Dadié kọ ní 1955, níbi tí Kacou Ananzè aláàntakùn ti ń ṣe ọgbọ́n àrékérekè bí Ìjàpá: bí a bá fi í sí 398.2 ti àlọ́, a ti sọ Dadié di akójọ-àlọ́ lásán. Bí a bá fi í sí 843, a ti gé àlọ́ kúrò lẹ́yìn rẹ̀. Ó jọ pé ohun tí ó tọ́ ni kí kátálọ́ọ̀gì máa mú òǹkàwé dé ibẹ̀ láti ọ̀nà méjèèjì.

Ó sì ṣeé ṣe, nítorí àṣà ilé-ìkówèésí ńlá nílẹ̀ Faransé ni pé àkà ìwé wà ní títì mọ́ òǹkàwé, òṣìṣẹ́ ni í lọ mú ìwé wá, a sì ń to ìwé bí ó ṣe tóbi tó àti bí ó ṣe wọlé tẹ̀ léra, kì í ṣe bí kókó-ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe rí. Àmì-ìdúró ẹ̀yìn ìwé ń sọ ibi tí ó wà nìkan. Nọ́ńbà ìsọ̀rí àti àkọlé kókó-ọ̀rọ̀ wà nínú àkọsílẹ̀, wọ́n sì lè ju ẹyọ kan lọ fún ìwé kan. Títò báyìí ń dín àyè tí ìwé ń gbà kù, ó sì ń jẹ́ kí ìwé ńlá má tẹ kékeré, ànfààní tí kò kéré nílùú etí ọ̀sà bí Abidjan, níbi tí ọ̀rinrin ti ń ba bébà jẹ́.