Iná Tí Kò Ní Ìṣáná: Ìtàn Ẹ́ńjìnì Dísẹ̀lì àti Ìwọ̀n Epo Rẹ̀

Ẹni tí ó bá ti fi pọ́ǹpù fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú táyà kẹ̀kẹ́ rí yóò ti kíyè sí i pé ìdí pọ́ǹpù náà a máa gbóná mọ́ni lọ́wọ́. Kò sí iná níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí oòrùn. Afẹ́fẹ́ tí a fi ipá há mọ́ ibi tóóró ni ó mú ìgbóná náà wá. Lórí ohun kékeré yìí ni a kọ́ ẹ́ńjìnì tí ń lọ ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo ní ọ̀pọ̀ ìlú wa lé. Òun kan náà ni ó ń fa ọkọ̀ akẹ́rù àti katakata oko.

Rudolf Diesel ni orúkọ ẹni tí ó ronú kàn án. Ní Paris ni a bí i ní ọdún 1858, ṣùgbọ́n Jámánì ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín Faransé àti Jámánì ní 1870, wọ́n fi ìlú náà sílẹ̀, wọ́n sì sá lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Láti ibẹ̀ ni a ti rán ọmọ náà lọ kàwé ní Jámánì. Ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní Munich, ó gbọ́ lẹ́nu olùkọ́ rẹ̀, Carl Linde, pé ẹ̀rọ tí ooru omi ń yí, èyí tí ó gbòde nígbà náà, ń fi bí ìdá 9 nínú 10 ìgbóná èédú rẹ̀ ṣòfò. Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò ní ọkàn rẹ̀ mọ́.

Nínú ẹ́ńjìnì pẹtiróòlù ìgbà náà, a ti po epo mọ́ afẹ́fẹ́ kí ó tó dé inú àgbá irin, iná mànàmáná a sì ṣẹ́ láti ràn án. Bí a bá há àdàlù náà jù, yóò gbiná kí àkókò rẹ̀ tó pé, yóò sì máa lu irin bí òòlù alágbẹ̀dẹ. Diesel gba ọ̀nà mìíràn. Ó ní kí a há afẹ́fẹ́ nìkan, títí yóò fi gbóná kọjá 500 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Nígbà náà ni kí a tó wọ́n epo díẹ̀ sí i. Epo náà yóò gbiná fúnra rẹ̀ láìsí ìṣáná.

Ó fi èrò yìí sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba Jámánì ní 1892, ilé-iṣẹ́ kan ní Augsburg sì gbà láti bá a kọ́ ẹ̀rọ náà. Ní August 1893, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dán an wò, ohun èlò tí ń díwọ̀n agbára rẹ̀ fọ́ yángá, àfọ́kù rẹ̀ sì fò kọjá lára Diesel. Kò rẹ̀wẹ̀sì. Ní February 1894, ẹ̀rọ náà fi agbára ara rẹ̀ ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 1. Ní February 1897, Ọ̀jọ̀gbọ́n Moritz Schröter wọ̀n ọ́n, ó sì rí i pé ìdá 26 nínú 100 ìgbóná epo rẹ̀ ni ó di iṣẹ́. Kò sí ẹ̀rọ ìgbà náà tí ó sún mọ́ ọn.

Ní àfihàn ńlá tí a ṣe ní Paris ní 1900, a fi òróró ẹ̀pà wa ọ̀kan nínú ẹ̀rọ náà. Ìjọba Faransé ni ó béèrè bẹ́ẹ̀, nítorí ẹ̀pà pọ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn díẹ̀ ni ó mọ̀ pé òróró ẹ̀pà ni.

Síbẹ̀ ìṣòro ńlá kan ṣẹ́kù. Ríran iná kò nira mọ́. Wíwọn epo ni ó nira. Ẹ̀kán díẹ̀ ni ẹ̀rọ ń fẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó sì gbọ́dọ̀ dé gan-an ní àkókò rẹ̀. Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ńlá ni Diesel fi ń fẹ́ epo wọlé, èyí sì mú kí ẹ́ńjìnì rẹ̀ wúwo ju ohun tí ọkọ̀ ilẹ̀ lè gbé. Ní 1927 ni ilé-iṣẹ́ Robert Bosch ní Stuttgart bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe pọ́ǹpù kékeré lọ́pọ̀, èyí tí ń wọn epo, tí ó sì ń tì í wọlé láìlo afẹ́fẹ́ náà. Láti ìgbà náà ni ẹ́ńjìnì dísẹ̀lì ti tàn kálẹ̀ lórí ọ̀nà àti nínú oko. Diesel kò rí ọjọ́ náà. Ní alẹ́ ọjọ́ 29 September 1913, ó pòórá nínú ọkọ̀ ojú omi tí ń lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Èéfín nìwà, ni àwọn àgbà wí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹ́ńjìnì yìí. Bí èéfín rẹ̀ bá dúdú, epo ti pọ̀ jù tàbí afẹ́fẹ́ kò tó, owó olóko ni ó sì ń jóná. Kì í sì í ṣe owó nìkan. Ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tí ń ṣe ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ kéde ní 2012 pé èéfín dísẹ̀lì a máa fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró.

Nítorí náà, kí ẹni tí ó ní ẹ̀rọ kí ó sẹ́ epo rẹ̀ kí ó tó dà á sínú rẹ̀, nítorí iyanrìn díẹ̀ tó láti ba ẹnu tín-ín-rín tí epo ń gbà jáde jẹ́. Kí ó máa nu asẹ́ afẹ́fẹ́ rẹ̀. Kí ó má ṣe da epo pupa tútù sínú rẹ̀, nítorí yóò dì, yóò sì dí i. Kí a má ṣe tan ẹ̀rọ nínú ilé tí a sé pa. Kí a sì darí èéfín rẹ̀ kúrò ní ibi tí àwọn obìnrin àti ọmọdé ń tò sí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ọwọ́ dán epo tí ń tú jáde wò: ipá rẹ̀ lè gún awọ ara wọlé, ojú ọgbẹ́ rẹ̀ a sì kéré bí ojú abẹ́rẹ́. Bí ó bá ṣẹlẹ̀, ilé ìwòsàn ni kí a gbà lọ lójú ẹsẹ̀, bí kò tilẹ̀ dùn ún púpọ̀, kí ọwọ́ náà má baà ṣègbé.