Ìfẹ́, Iṣẹ́ àti Alábàárìn tí A Fi Owó Gbà nínú Eré Sinimá Kan láti Èkó

Ẹni tí ó bá gba orí afárá gígùn tí a ń pè ní Third Mainland, tí ó ń ti Ìsàlẹ̀ Èkó bọ̀ wá sí Yaba, kò ní ṣàì rí Mákòko ní ọwọ́ òsì rẹ̀. Ilé ni ó tò lọ lórí omi ọ̀sà bẹ́ẹ̀, tí òpó igi gbé wọn ró, tí èéfín ẹja yíyan sì ń rú láàárín wọn. Àwọn apẹja Ègùn tí wọ́n ti apá Àgbádárìgì àti ilẹ̀ tí a ń pè ní Benin lónìí wá ni wọ́n tẹ ibẹ̀ dó ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Àwọn Ìlàjẹ àti àwọn ẹ̀yà mìíràn sì wá bá wọn gbé. Ní apá tí ó wà lórí omi, ọkọ̀ ni ẹsẹ̀ tí a fi ń rìn. Àlejò tí ó bá fẹ́ wo ibẹ̀, pàápàá ẹni tí ó fi kámẹ́rà kọ́ ọrùn, ní láti wá ọmọ ibẹ̀ kan tí yóò tu ọkọ̀ fún un. Wọn yóò dúnàádúrà, owó yóò bọ́ sápò, àwọn méjèèjì yóò sì jókòó sínú ọkọ̀ tóóró kan. Atukọ̀ ni yóò máa sọ pé ilé-ìwé nìyí, ibi tí wọ́n wó ní oṣù Keje ọdún 2012 nìyẹn. Fún wákàtí kan tàbí méjì, ẹ̀mí àlejò wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kò sì tún lè jẹ́ àjèjì sí i pátápátá mọ́.

Kí ni a ó pe irú ìbárìn bẹ́ẹ̀, èyí tí owó bí, tí ó sì lè bí nǹkan mìíràn lẹ́yìn owó? Ìbéèrè yìí ni ó wà nídìí eré sinimá kan tí ìtàn rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Èkó yìí kan náà, ṣùgbọ́n orí ilẹ̀ ni tirẹ̀ wà, alùpùpù ni ó sì dúró fún ọkọ̀.

Oṣù Kejì ọdún 2023 ni wọ́n kọ́kọ́ fi eré náà hàn, ní àjọ̀dún sinimá ìlú Berlin ní ilẹ̀ Jámánì. Babátúndé Apalowo ni ó kọ ọ́, òun náà ni ó sì darí rẹ̀. Orúkọ tí ó fún un ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ni *All the Colours of the World Are Between Black and White*, èyí tí í ṣe pé gbogbo àwọ̀ ayé ń bẹ láàárín dúdú àti funfun. Ẹ̀bùn Teddy, tí wọ́n ti ń fún àwọn eré tí ó bá dá lórí ìfẹ́ láàárín ọkùnrin àti ọkùnrin tàbí obìnrin àti obìnrin láti ọdún 1987, ni ó gbà gẹ́gẹ́ bí eré gígùn tí ó tayọ àwọn yòókù lọ́dún náà. Eré olówó ńlá kọ́ ni. Àwọn òṣèré rẹ̀ kò pọ̀, ìgboro Èkó fúnra rẹ̀ ni ìtàgé, kámẹ́rà a sì máa dúró lójú kan fún ìgbà pípẹ́ bí ẹni tí ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà tí ó ń wo èrò.

Ìtàn náà kò lọ́jú pọ̀. Bambino, tí Tope Tedela ṣe, jẹ́ ọkùnrin tí ń fi alùpùpù gbé ẹrù fún àwọn oníbàárà káàkiri ìlú. Owó iṣẹ́ rẹ̀ ń wọlé déédéé, àwọn ará àdúgbò sì mọ̀ ọ́n sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kì í há bí ẹnìkan bá nílò ìrànlọ́wọ́. Ifeyinwa, ọmọbìnrin tí wọ́n jọ ń gbé àdúgbò, tí Martha Ehinome Orhiere ṣe, fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ọkàn Bambino kò sí níbẹ̀. Nígbà náà ni ó pàdé Bawa, tí Riyo David ṣe, ẹni tí ń ya fọ́tò fún ìdíje kan. Àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í jùmọ̀ rìn ká Èkó lórí alùpùpù, èkíní ń wa ọkọ̀, èkejì ń ya àwòrán. Ibẹ̀ ni ìfẹ́ gbà wọlé. Kò sí èyí tí ó lè fi ẹnu pè é nínú wọn.

Kí a tó sọ ohun tí eré yìí ṣe, ó yẹ kí a wo ohun tí èdè wa fi lé wa lọ́wọ́. Yorùbá kò ṣaláìní ọ̀rọ̀ fún ẹni tí ènìyàn ń bá kẹ́gbẹ́: ọ̀rẹ́ ń bẹ, ẹlẹ́gbẹ́ ń bẹ, alábàárìn, olólùfẹ́ àti àlè ń bẹ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n bí owó bá ti wọ inú ọ̀rọ̀ náà, èdè a yí ohùn padà. Ẹ wo aṣẹ́wó. Ẹni tí ń ṣẹ́ owó ni ìtumọ̀ rẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn bá mú owó ńlá lọ sọ́jà láti sọ ọ́ di wẹ́wẹ́. Owó nìkan ni ọ̀rọ̀ náà rí. Kò rí ara, kò sì rí ọkàn. Ìwọ̀fà ayé àtijọ́ ńkọ́? Ẹni tí ń fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dípò èlé orí owó tí a yá lè wà lọ́dọ̀ olówó rẹ̀ fún ọdún púpọ̀, kí ó mọ ìgbà tí ó ń bínú àti ìgbà tí inú rẹ̀ dùn, síbẹ̀ ìwọ̀fà ni yóò máa jẹ́ títí a ó fi san gbèsè náà. Èdè wa gbà pé ibi tí owó bá dé, ìfẹ́ ti kúrò níbẹ̀. Ó lè jẹ́ òtítọ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Kì í ṣe ìgbà gbogbo.

Àwọn eré Nàìjíríà tí ó ṣíwájú tẹ̀ lé ìdájọ́ èdè yìí, wọ́n tilẹ̀ fi kún un. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn, ọkùnrin tí ó bá fẹ́ ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ olówó, kí ó fi ohun ìní tan ẹni tí kò ní, tàbí kí ó fi oògùn dè é. Nínú *Men in Love* tí ó jáde ní ọdún 2010, ẹni tí ó fẹ́ òmíràn fi oògùn sí ohun mímu rẹ̀, ó sì fi tipátipá bá a lò pọ̀. Àdúrà ni ó wá tú u sílẹ̀ níkẹyìn. Àwọn eré mìíràn ti gbìyànjú láti yà kúrò lójú ọ̀nà yìí, gẹ́gẹ́ bí *Hell or High Water* ti ọdún 2016, *We Don't Live Here Anymore* ti ọdún 2018, àti *Walking with Shadows* ti ọdún 2019, tí a mú jáde láti inú ìwé ìtàn tí Jude Dibia kọ ní ọdún 2005. Ṣùgbọ́n eré Apalowo nìkan nínú wọn ni ó fi iṣẹ́ oòjọ́ ṣe ìpìlẹ̀. Kò sí olówó ńlá níbẹ̀. Owó tí a ń gbọ́ ìró rẹ̀ jẹ́ owó epo, owó ẹrù, owó ilé.

Alùpùpù náà sì ju ohun tí a fi ń rìn lọ. Ẹni méjì tí wọ́n jókòó sórí rẹ̀ kò lè ṣàì fara kan ara. Ẹni tí ó wà lẹ́yìn yóò di ẹni tí ó wà níwájú mú, pàápàá nígbà tí wọ́n bá bọ́ sínú kòtò tàbí tí dánfó bá gé wọn lójú ọ̀nà. Èémí rẹ̀ yóò máa kan ẹ̀yìn ọrùn ẹni tí ń wà á. Ní gbogbo Èkó, ó ṣòro láti rí ibòmíràn tí ọkùnrin kan lè gbé ọwọ́ lé ẹ̀gbẹ́ ọkùnrin mìíràn ní ojúmọmọ kí ẹnikẹ́ni má bojú wo ẹ̀yìn. Ohun tí ó fà á ni pé gbogbo ènìyàn ti gbà pé owó ni ó so wọ́n pọ̀: ọlọ́kọ̀ nìyí, èrò nìyí. Ohun tí èdè wa fi ń tàbùkù ìfẹ́ ni ó di aṣọ tí ìfẹ́ dà borí.

Aṣọ náà tilẹ̀ ti ń fàya. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kejì ọdún 2020 ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti fi òfin de ọ̀kadà ní àwọn apá ibì kan. Nígbà tí ó di ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹfà ọdún 2022, wọ́n lé e kúrò pátápátá ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, tí Surulere àti Lagos Mainland, níbi tí Mákòko wà, jẹ́ méjì nínú wọn. A yọ̀ǹda fún àwọn tí ń fi alùpùpù gbé ẹrù. Bambino, tí í ṣe agbẹ́rù, lè máa ṣiṣẹ́ rẹ̀ lọ, níwọ̀n ìgbà tí ó bá jẹ́ pé páálí ni ó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ní ti orúkọ eré náà, ó kan ọmọ Yorùbá ju bí ẹni tí ó sọ ọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì lè rò lọ. Orúkọ àwọ̀ mẹ́ta péré ni èdè wa ní láti ìpìlẹ̀: dúdú, funfun àti pupa. Àwọn yòókù, ohun tí ó gbé wọn ru ni a fi ń pè wọ́n. A ń sọ pé àwọ̀ ewé, àwọ̀ ojú ọ̀run, àwọ̀ eérú, àwọ̀ omi aró. Kì í ṣe pé ojú Yorùbá kò rí wọn. Aláró tí ó mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹtù àti aṣọ tí a rì bọ aró lẹ́ẹ̀kan kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ ọ ní àwọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìfẹ́ àwọn ọkùnrin méjì yìí. Ọ̀rọ̀ tí ìgboro ní fún un jẹ́ èébú, ohun tí ara ń ṣe nìkan ni ó sì dárúkọ. Kò yẹ ní títẹ̀ sórí ìwé yìí. Ohun tí Bambino àti Bawa ní kò sí nínú rẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi ohun tí ó gbé e pè é: gbé mi dé ibí, dúró kí n yà ọ́, ṣé o ti jẹun? Ẹni tí ó bá ń retí kí wọ́n sọ̀rọ̀ ìfẹ́ fún ara wọn bí ti eré òyìnbó yóò rò pé eré náà ń falẹ̀. Ẹni tí ó ti rí bí àgbàlagbà Yorùbá ṣe ń fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀ fún ogójì ọdún láìpe ọ̀rọ̀ náà rí kò ní rò bẹ́ẹ̀.

Ìdákẹ́ wọn kì í ṣe ti àṣà nìkan ṣá. Ìwé òfin ọ̀daràn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi sílẹ̀, ní ẹsẹ̀ 214, ti ka ìbálòpọ̀ irú yìí sí ẹ̀ṣẹ̀ tí a ń torí rẹ̀ sẹ̀wọ̀n ọdún 14. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2014, Ààrẹ Goodluck Jonathan buwọ́ lu òfin tuntun tí ó fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 lélẹ̀ fún àwọn tí ó bá ṣe ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀, àti ọdún 10 fún ẹni tí ó bá fi irú ìfẹ́ náà hàn ní gbangba, ìbáà ṣe tààrà tàbí lọ́nà ẹ̀bùrú. Gbólóhùn ìkẹyìn yìí wúwo. Láti ọjọ́ pípẹ́ ni ọ̀rẹ́ méjì ti ń di ara wọn lọ́wọ́ mú lọ sọ́jà ní ilẹ̀ Yorùbá, tí wọ́n ń sùn lórí ẹní kan, tí kò sì sí ẹni tí ó bi wọ́n léèrè. Òfin náà ti gbé ìfura ka orí ọ̀rẹ́ lásán. Ó tún bí òwò mìíràn: àwọn kan ń fi ìfẹ́ ẹ̀tàn pe ọkùnrin wá sí kọ̀rọ̀ láti gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ kí wọ́n má baà tú u fó. Kito ni àwọn tí ó kàn ń pe ọ̀fìn yìí, àjọ Human Rights Watch sì sọ̀rọ̀ lórí irú ìlọ́nilọ́wọ́gbà bẹ́ẹ̀ nínú ìròyìn tí ó gbé jáde ní ọdún 2016. Alábàárìn tí owó mú wá nìyẹn pẹ̀lú, ṣùgbọ́n apànìyàn ni. Bí Bambino bá ń sá fún ọwọ́ tí ó nà sí i, kì í ṣe ara rẹ̀ nìkan ni ó ń bẹ̀rù.

Àwọn tí ń ṣe eré pàápàá wà nínú ewu yìí. Ní ọdún 2020, Uyaiedu Ikpe-Etim darí eré kúkúrú kan lórí obìnrin méjì tí wọ́n fẹ́ràn ara wọn, Pamela Adie sì ni ó ṣe agbátẹrù rẹ̀. *Ìfé* ni wọ́n kọ orúkọ rẹ̀, láìfi àmì sí abẹ́ e. Olùkọ́ èdè yóò gé máàkì kúrò níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìfẹ́ ni wọ́n ní lọ́kàn. Àjọ tí ń yẹ sinimá wò, tí òfin ọdún 1993 dá sílẹ̀, kìlọ̀ pé bí wọ́n bá gbé e jáde láìgba àṣẹ, ẹ̀wọ̀n lè tẹ̀lé e. Ilẹ̀ Kánádà ni wọ́n ti wá kọ́kọ́ fi hàn, wọ́n sì gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹni tí ó bá lè sanwó wò ó.

Bí àléébù kan bá wà nínú eré Apalowo, ọ̀dọ̀ Ifeyinwa ni ó wà. Òun náà ń fi iṣẹ́ sọ̀rọ̀ ìfẹ́ bí àwọn ọkùnrin méjì náà ti ń ṣe. Ó ń wá sí ẹnu ọ̀nà Bambino, ó sì ń retí. Kámẹ́rà tí ó ní sùúrù fún àwọn ọkùnrin kò dúró pẹ́ tó lójú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti wo eré náà tán yóò máa rántí ojú Bambino lórí fọ́tò tí Bawa yà. Ti Ifeyinwa, ohùn rẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn ni ó kù.