Ọgbà Màmá: Bí A Ṣe Lè Ya Fíìmù Láì Ba Àyíká Jẹ́

Àwọn àgbà ní àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ọ̀rọ̀ yìí ṣẹ mọ́ wa lára ní èṣí, nígbà tí ẹgbẹ́ wa ya eré fún Ọ̀sẹ̀ Àṣà Yorùbá. Ohun tí a rí kọ́ níbẹ̀ ni a fẹ́ ṣàlàyé fún yín, nítorí pé a ó tún ya òmíràn lọ́dún yìí, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí ni yóò sì bá wa ṣe é.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀

Eré náà dá lórí ọba kan àti àwọn ìjòyè rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni wọ́n bí sí Jọ́ọ̀sì, Kàdúná tàbí Kánò. Inú fíìmù ni a ti kọ́kọ́ rí agbo ilé Yorùbá àtijọ́ kí ẹsẹ̀ wa tó tẹ ọ̀kan. Nítorí náà, a fẹ́ kí ohun gbogbo rí gẹ́gẹ́ bí a ti ń rí i nínú fíìmù. Màmá àgbàlagbà kan tí ilé wọn kò jìnnà sí ilé-ẹ̀kọ́ yọ̀ǹda àgbàlá wọn fún wa fún ọjọ́ mẹ́ta. Wọn kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa. Ilé amọ̀ wà níbẹ̀, ilẹ̀ gbalasa sì wà níbẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí kò tẹ́ wa lọ́rùn ni ọgbà oró, igi ẹlẹ́gùn-ún tí àwọn ará Plateau máa ń gbìn yí ilé àti oko wọn ká. Olùdarí eré wa ní òun kò rí irú rẹ̀ rí nínú eré ààfin kankan. La bá gé ibi tó fẹ̀ tó ẹnu ọ̀nà mọ́tò kúrò níbẹ̀, a sì fi imọ̀ ọ̀pẹ tí a fi mọ́tò kó wá láti ọ̀nà jíjìn bo ojú rẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta pé, a kó ẹrù wa, a lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, Màmá ránṣẹ́ pè wá. Imọ̀ ọ̀pẹ ti gbẹ, ó ti wó lulẹ̀. Ewúrẹ́ ti gba ibẹ̀ wọlé, wọ́n sì ti jẹ gbogbo kábéèjì tí Màmá fẹ́ tà. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kún ẹ̀yìn ilé. Níbi tí a gbé jẹnẹrétọ̀ sí, epo tó dà sílẹ̀ ti pa koríko. Màmá kò bú wa. Èdè Hausa ni wọ́n fi sọ ọ́ pé, "Ẹ̀yin ọmọ mi, eré yín dára, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ti lọ, èmi ni mò ń gbé inú ohun tó ṣẹ́kù."

Ojú tì wá. Láti ọjọ́ náà ni a ti ń wádìí ohun tí yíya fíìmù ń ṣe sí àyíká.

KÍ NI FÍÌMÙ Ń FI SÍLẸ̀?

Ẹni tó jókòó wo fíìmù kò lè mọ ohun tó jóná kí àwòrán náà tó dé iwájú òun. Láyé ìgbà tí wọ́n ya Aiyé (1979) ti Olóògbé Hubert Ògúndé àti Àjànì Ògún (1976), orí sẹ́lúlọ́ìdì ni wọ́n ń ya fíìmù sí. Fàdákà wà lára sẹ́lúlọ́ìdì yìí, omi kẹ́míkà ni wọ́n sì fi ń fọ̀ ọ́ kí àwòrán tó hàn. Bí wọ́n bá da omi náà sódò láì kọ́kọ́ yọ fàdákà inú rẹ̀, ewu ńlá ni fún ẹja àti ohun ẹlẹ́mìí gbogbo tó wà nínú omi.

Kámẹ́rà fídíò ló mú wàhálà yẹn kúrò. Lẹ́yìn tí Living in Bondage jáde ní ọdún 1992, kásẹ́ẹ̀tì gba gbogbo ọjà. Nígbà tí àjọ UNESCO ka iye fíìmù tí wọ́n ṣe ní ọdún 2006, Nàìjíríà ní 872, Íńdíà nìkan ló sì jù wá lọ. Ẹ wo iye ike kásẹ́ẹ̀tì àti àwo fídíò tí ìyẹn jẹ́! Lónìí, orí fóònù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń wo fíìmù. Ike ti dínkù, ṣùgbọ́n èéfín kò tíì kúrò.

Ní ọdún 2020, àjọ méjì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ fíìmù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, BFI àti albert, pẹ̀lú iléeṣẹ́ Arup, gbé ìwádìí kan jáde tí wọ́n pè ní A Screen New Deal. Wọ́n rí i pé fíìmù ńlá kan ṣoṣo, èyí tí owó rẹ̀ ju mílíọ̀nù 70 dọ́là lọ, máa ń tú nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 2,840 afẹ́fẹ́ tó ń mú ayé gbóná sílẹ̀. Bí a bá pín in sí ọ̀nà 100, ìdá 51 ló wá láti ara ọkọ̀ àti bàálù, ìdá 34 láti ara iná ìjọba àti gáàsì, ìdá 15 láti ara jẹnẹrétọ̀ oníдíísù.

Ẹlòmíràn lè sọ pé èyí kò kàn wá, níwọ̀n ìgbà tí a kò ní mílíọ̀nù dọ́là kankan. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò tiwa. Lítà 45 epo bẹntiróòlù ni jẹnẹrétọ̀ wa jó ní ọjọ́ mẹ́ta. Lítà kan tó bá jóná máa ń di nǹkan bíi kílò 2.3 afẹ́fẹ́ carbon dioxide. Kí ẹnu má yà yín pé lítà kan epo, tí kò wúwo tó kílò kan, lè bí afẹ́fẹ́ tó ju kílò méjì lọ. Kábọ́ọ̀nù inú epo ló máa ń fa afẹ́fẹ́ ọ́síjìn mọ́ra bó ti ń jó, ìyẹn ló mú un wúwo sí i. Nítorí náà, eré wa kékeré yẹn tú afẹ́fẹ́ tó lé ní kílò 100 sílẹ̀, láì tíì ka ti mọ́tò tó kó imọ̀ ọ̀pẹ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, iná ìjọba ni wọ́n máa ń lò jù, jẹnẹrétọ̀ kàn ń ràn án lọ́wọ́ ni. Lọ́dọ̀ tiwa ńkọ́? Jẹnẹrétọ̀ gan-an ni iná wa.

Yàtọ̀ sí èyí, èéfín jẹnẹrétọ̀ ní carbon monoxide nínú. Afẹ́fẹ́ yìí kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ó sì ń pa ènìyàn. Ẹ má ṣe gbé jẹnẹrétọ̀ sínú ilé, sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí sí abẹ́ fèrèsé láéláé, kódà bí ariwo rẹ̀ bá ń dí ohùn òṣèré lọ́wọ́.

ÀWỌN ŃLÁ NÁÀ ṢE É

Nígbà tí a ń wádìí, a rí i pé ohun tí a ṣe sí ọgbà Màmá, àwọn tó lówó jù wá lọ ti ṣe irú rẹ̀ rí. Ní ọdún 1999, iléeṣẹ́ 20th Century Fox láti Amẹ́ríkà lọ ya fíìmù The Beach ní etíkun Maya, ní ilẹ̀ Thailand. Etíkun náà lẹ́wà tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kò jọ èyí tó wà lọ́kàn wọn. Wọ́n fi katakata tún òkìtì iyanrìn ibẹ̀ ṣe, wọ́n hú àwọn koríko tó ń di iyanrìn mú, wọ́n sì gbin igi àgbọn síbẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́. Ọdún 2022 ni ilé ẹjọ́ gíga jùlọ ní ilẹ̀ náà tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé dandan ni kí wọ́n tún etíkun náà ṣe. Ọdún mẹ́tàlélógún gbáko lórí àwòrán ìṣẹ́jú díẹ̀! Igi àgbọn ni tiwọn, imọ̀ ọ̀pẹ ni tiwa, ṣùgbọ́n ọ̀kan náà ni àṣìṣe wa: a fẹ́ fi ipá sọ ibì kan di ibòmíràn.

IBI PẸLẸBẸ LA TI Ń MÚ Ọ̀Ọ̀LẸ̀ JẸ

Èkínní ni ìwé eré. Ibẹ̀ ni ìbàjẹ́ tàbí àtúnṣe ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ẹni tó kọ eré bá fi ìran mẹ́wàá sí ibi mẹ́wàá, ọkọ̀ yóò rìn títí. Bí ó bá kó wọn sí ibi méjì, ọ̀nà ti kúrú. Ìran tí kò bá pọn dandan kí ó jẹ́ òru, ẹ kọ ọ́ sí ọ̀sán.

Èkejì ni iná. Oòrùn kì í gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Aṣọ funfun tàbí pátákó funfun tí a gbé dojú kọ oòrùn yóò dá ìmọ́lẹ̀ padà sójú òṣèré. Bí ẹ bá gbọdọ̀ tan iná, ẹ yẹra fún gílóòbù ńlá àtijọ́. Ìmọ́lẹ̀ tí à ń rí lára rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá iná tó ń jẹ, ooru ni ìyókù. Iná LED kò ń jẹ tó bẹ́ẹ̀, bátìrì sì lè gbé e. Bí ó bá di dandan kí ẹ lo jẹnẹrétọ̀, ẹ wá èyí tó mọ níwọ̀n, nítorí pé jẹnẹrétọ̀ ńlá tó ń gbé ẹrù kékeré ń fi epo ṣòfò ni. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí owó ìrànwọ́ orí epo ti kúrò, gbogbo wa mọ ohun tí lítà kan ń ṣe sí àpò ẹni.

Ẹ̀kẹta ni oúnjẹ àti omi. Ẹ gbé kúlà omi wá, kí olúkúlùkù mú ife tirẹ̀ dání. Ẹ se ìrẹsì sínú ìkòkò, ẹ bù ú sínú abọ́ tí a lè fọ̀. Ike oúnjẹ àjẹsọnù kò níṣẹ́ níbẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni ibùdó eré. Kúnlé Afọláyan kọ́ ìlú àtijọ́ kan fún fíìmù Aníkúlápó (2022) sí Igbójàyè ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Lẹ́yìn fíìmù náà, wọn kò wó o. Ibẹ̀ ni wọ́n tún lò fún eré alápá púpọ̀ tó tẹ̀ lé e ní 2024. Ohun tí a bá kọ́ lẹ́ẹ̀kan tí a lò lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ìnáwó àti pákó ìgbà méjì la ti fi pamọ́ yẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni aṣọ àti ìlẹ̀kẹ̀ ọba tó wà nínú àpótí ẹgbẹ́ wa. Bí ẹ bá sì yá àgbàlá onílé, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Fọ́tò náà ni ẹ ó fi mọ bí ẹ ó ṣe dá a padà.

Èkarùn-ún, ẹ yan ẹnì kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó máa ṣọ́ gbogbo èyí lọ. Iṣẹ́ gbogbo ayé kì í ṣe iṣẹ́ ẹnikẹ́ni. Ní èṣí, olúkúlùkù rò pé ẹlòmíràn ti kó ọ̀rá.

ÌPARÍ Ọ̀RỌ̀

A dáwó jọ, a san owó kábéèjì Màmá. A ṣa ọ̀rá ẹ̀yìn ilé, a sì gé ẹ̀ka oró láti ibòmíràn wá gbìn sí ibi tí a ṣí sílẹ̀, nítorí pé ẹ̀ka rẹ̀ máa ń ta gbòǹgbò. Ó ń hù, ṣùgbọ́n kò tíì dí. Nígbà tí a béèrè bóyá a lè padà wá yàwòrán níbẹ̀, Màmá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí a jẹ́ kí ọgbà náà kọ́kọ́ dí ná.

Nítorí náà, lọ́dún yìí, ààfin ọba inú eré wa yóò ní ọgbà oró níwájú. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè irú ààfin Yorùbá tí ìyẹn jẹ́, ẹ sọ fún un pé ti àwọn Yorùbá Jọ́ọ̀sì ni. Ẹ mú ife yín dání o. Ire o.