Bí Ẹ̀rọ Tí Wọ́n Fi Ń Yẹ Irin Wò Ṣe Dé Ikùn Ajá

Bí ẹ̀dọ̀ ajá bá ń bàjẹ́, ohun tí ẹni tó ni ín máa ń rí kò ju pé kò jẹun mọ́, ó ń bì, tàbí kí funfun ojú rẹ̀ di àwọ̀ ìyeyè. Ẹ́síréè lè sọ bóyá ẹ̀dọ̀ náà tóbi jù tàbí ó ti sún kì. Inú rẹ̀ gan-an ni kò lè fi hàn.

Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń rọ irin ni ọ̀nà àbáyọ ti wá. Ian Donald, dókítà àwọn obìnrin ní Glasgow, mọ̀ pé àwọn ọmọ ogun ojú omi máa ń rán ìró sínú òkun láti wá ọkọ̀ ogun tó fara pamọ́ sábẹ́ omi. Ó tún mọ̀ pé ìró ni wọ́n fi ń wá ibi tí irin ti sán ní ilé iṣẹ́ Babcock & Wilcox ní Renfrew, níbi tí wọ́n ti ń ṣe bọ́ílà. Ní 1955, ó kó kókó àti àpò omi tí wọ́n ti gé jáde lára àwọn obìnrin sẹ́yìn ọkọ̀, ó di Renfrew. Àwọn ará ibẹ̀ fi ègé ẹran màlúù ńlá kan kún un, kí wọ́n lè fi wé. Ẹran ọbẹ̀ bá wọn dá sí ọ̀rọ̀ ìṣègùn lọ́jọ́ náà! Gbohùngbohùn tó padà láti ara kókó yàtọ̀ sí ti àpò omi. Ní 1958, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, MacVicar àti Brown, gbé iṣẹ́ wọn jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet.

Nínú àwọn ẹranko, àgùntàn tètè jàǹfààní: ní 1966, ìwádìí ti jáde lórí bí a ṣe lè fi ìró mọ èyí tó lóyún. Ẹ̀dọ̀ ajá ṣì ní láti ní sùúrù. Dúdú àti funfun nìkan ni àwòrán àtijọ́ ní, bẹ́ẹ̀ inú àwọ̀ eérú tó wà láàárín wọn ni ọ̀rọ̀ ẹ̀dọ̀ wà. Ìgbà tí ẹ̀rọ tó ń fi oríṣiríṣi eérú hàn dé, tí àwòrán rẹ̀ sì ń rìn bíi fíìmù, ni iṣẹ́ tó ṣeé ṣe. Ní 1983, Thomas Nyland ti Yunifásítì California ní Davis àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ Park kọ̀wé lórí fífi ìró ṣe skáànù ẹ̀dọ̀ ajá.

Bí wọ́n bá fẹ́ ṣe skáànù náà, wọ́n á fá irun ikùn ajá, wọ́n á fi jẹ́lì pa á, nítorí afẹ́fẹ́ kì í jẹ́ kí ìró kọjá. Lára ajá tí ara rẹ̀ dá, ọlọ inú máa ń funfun ju ẹ̀dọ̀ lọ nínú àwòrán náà. Bí ẹ̀dọ̀ bá wá funfun jù ú lọ, ó lè jẹ́ ọ̀rá, ó sì lè jẹ́ oògùn sitẹ́rọ́ìdì. Bó bá dúdú ju bó ṣe yẹ, ẹ̀jẹ̀ lè ti dúró sínú rẹ̀ nítorí àìsàn ọkàn, tàbí kó jẹ́ irú jẹjẹrẹ kan. Ẹ kíyè sí “lè” yẹn. Àìsàn méjì lè ní àwòrán kan náà, ẹ̀dọ̀ tó ti wú fún ìgbà pípẹ́ sì lè dà bí èyí tí kò ní nǹkan kan.

Nítorí náà, bí dókítà ẹranko bá ṣe skáànù tán, tó tún ní òun fẹ́ fi abẹ́rẹ́ mú díẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀ ajá yín, ẹ má ṣe rò pé owó ló ń wá. Ẹ kàn kọ́kọ́ bi í bóyá ó ti yẹ̀ ẹ́ wò pé ẹ̀jẹ̀ ajá náà ń dì dáadáa, torí ẹ̀dọ̀ ló ń pèsè ọ̀pọ̀ ohun tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì.