Ilé Tálákà Tí Ó Wó, Ta Ni Yóò Tún Un Kọ́?

Ní àárín ìlú Niamey, olú-ìlú ilẹ̀ Niger, ni ọjà ńlá kan wà tí à ń pè ní Grand Marché. Habou Béné ni àwọn Zarma ń pè é, ìtumọ̀ rẹ̀ ni Ọjà Òkè. Ní ọdún 1982, iná jó ọjà yìí. Ó di ọdún 1986 kí a tó tún un kọ́ tán. Àwọn àgbà wa ní, ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó rí fún ọjà náà, nítorí kò sí ìjọba tí yóò fi ọjà olú-ìlú rẹ̀ sílẹ̀ nínú eérú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ilé amọ̀ rẹ̀ wó létí odò, ta ni yóò bu ẹwà sí tirẹ̀?

Ọ̀ràn yìí kì í ṣe ọ̀ràn eré. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2012, Odò Ọya kún kọjá bèbè rẹ̀ ní Niamey. Ní ọdún 2020, omi ya ògiri yẹ̀pẹ̀ tí a mọ láti dá a dúró ní apá ọ̀tún odò, ó sì ya wọ àdúgbò Kirkissoye àti Lamordé. Ní ọdún 2024, àwọn tí ìkún omi pa jákèjádò ilẹ̀ Niger lé ní 300. A ní láti sún ìwọlé àwọn ọmọ ilé-ìwé síwájú títí di ìparí oṣù kẹwàá, nítorí pé àwọn tí kò nílé mọ́ ti fi ilé-ìwé ṣe ibùgbé.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí àjálù bá dé, àánú a máa pọ̀. Mọ́sálásí a gbé ẹní àti ọkà bàbà wá, ṣọ́ọ̀ṣì a kó aṣọ jọ. Àwọn àjọ bíi CADEV-Niger ti ìjọ Kátólíìkì àti Islamic Relief náà a sì ṣe tiwọn. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, etí ayé a di, ẹni tí ilé rẹ̀ wó a sì kù sí ìta. Bí ó bá fi amọ̀ kan náà kọ́lé sí ojú kan náà láìgbé ìpìlẹ̀ rẹ̀ sókè, òjò ọdún tí ń bọ̀ yóò tún wó o.

Ohun tí ó sọnù níhìn-ín kì í ṣe àánú; olórí tí yóò dúró ti iṣẹ́ náà ni. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn ìjọ Mennonite dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní Kansas ní ọdún 1950, láti máa tún ilé àwọn tí àjálù bá kọ́. Àwọn olùyọ̀ọ̀da-ara a máa wá fún ọ̀sẹ̀ kan, wọn a sì padà sílé. Olórí ibi iṣẹ́ ní tirẹ̀ a máa dúró pẹ́ jù wọ́n lọ, kí iṣẹ́ má baà máa bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun lójoojúmọ́.

Kí ni ó yẹ kí a kọ́ irú olórí bẹ́ẹ̀? Kí ó mọ bí a ti ń kọ orúkọ agbo ilé kọ̀ọ̀kan àti ohun tí ó ṣòfò. Kí opó àti arúgbó lè ṣáájú ẹni tí ohùn rẹ̀ le. Kí ó lè ṣírò owó ní gbangba. Kí ó mọ iṣẹ́ bíríkìlà dé ìwọ̀n tí kò fi ní gba iṣẹ́ jẹgẹjẹgẹ. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí ó má ṣe béèrè ẹ̀sìn kí ó tó fúnni ní páànù. Ní ìlú tí a ti dáná sun ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2015, ẹni tí ó bá ń ran àwọn ẹlẹ́sìn tirẹ̀ nìkan lọ́wọ́, igi iná mìíràn ni ó ń tò jọ.

Ẹ̀kọ́ yìí kò ṣàjèjì sí àwọn ọmọ Yorùbá tí ń tajà ní Niamey. Ẹni tí ó ti ṣe olórí èésú rí, tí ó ń kọ orúkọ, tí ó ń gba owó, tí ó sì ń san án fún olúkúlùkù ní àkókò tirẹ̀, ti mọ ìdajì iṣẹ́ náà. Kí mọ́sálásí àti ṣọ́ọ̀ṣì yan irú ẹni bẹ́ẹ̀, kí wọ́n sì kọ́ ọ ní ìdajì tí ó kù.

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni àkókò yíyàn àti kíkọ́ni. Ẹni tí ó bá dúró kí òjò rọ̀ kí ó tó máa wá olórí, omi yóò ti ṣáájú rẹ̀ wọlé.