Fáànù inú Kọ̀ǹpútà, àti Ohun tí Iye Yíyípo Rẹ̀ Kò Lè Sọ

Ní ọdún 1926 ni a parí èbúté omi jíjìn àkọ́kọ́ ní Àpápá, ní 1977 sì ni a ṣí ti Tin Can Island sí itòsí rẹ̀. Lára ẹrù tí ó ń gba èbúté méjèèjì yìí wọlé ni kọ̀ǹpútà àlòkù wà. Ìwádìí kan tí Yunifásítì ti Àjọ Ìṣọ̀kan Orílẹ̀-Èdè Àgbáyé tẹ̀ jáde ní 2018 fi hàn pé ní 2015 àti 2016, nǹkan bí 60,000 tọ́ọ̀nù ẹ̀rọ oníná àlòkù ni ó ń gba ibẹ̀ wọlé lọ́dún kan. Kì í ṣe gbogbo wọn ni ó ń dé pẹ̀lú ẹ̀mí. Èyí tí ó bá ti kú ni a ń tú, tí a sì ń tà ní ẹyọ ẹyọ. Ẹni tí kò ní owó titun ní Ajégúnlẹ̀ a máa ra bọ́ọ̀dù lọ́wọ́ ẹni kan, a ra àpótí irin lọ́wọ́ ẹlòmíràn, a ra fáànù ní ibi kẹta, a sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ to wọ́n pọ̀. Irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ ni ó ń tẹ ìwé fún ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, tí ó ń tẹ ìwé ètò ìsìn fún ìjọ, tí ó sì ń bọ́ ilé olówó rẹ̀.

Ìyọnu rẹ̀ a máa bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sán. Ẹ̀rọ náà a kọ́kọ́ máa wọ́ ẹsẹ̀, lẹ́yìn náà a kú lójijì. Olówó rẹ̀ a tún un tàn, a ṣí ojú-ewé tí a ń pè ní BIOS, a wo iye yíyípo fáànù, a sì bá òdo níbẹ̀. Ẹ̀rù a bà á, a lọ ra fáànù mìíràn. Ní ọjọ́ kẹta ẹ̀rọ náà tún kú. Owó ti lọ, ooru kò lọ. Ọ̀rọ̀ méjì ni ó dà pọ̀ mọ́ ara wọn: èkínní, bóyá fáànù ń yí, èkejì, bóyá ooru ń jáde. Iye tí BIOS ń fi hàn kò lè dáhùn ju èkínní lọ, nígbà mìíràn kò tilẹ̀ lè dáhùn èyí pàápàá.

Fáànù oníwáyà mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀. Wáyà kan ń gbé iná wá, èkejì ń dá a padà, ẹ̀kẹta sì ni oníròyìn. Bí ìyẹ́ fáànù bá yí po lẹ́ẹ̀kan, wáyà oníròyìn a kan bọ́ọ̀dù lẹ́ẹ̀mejì, bí ẹni tí ń kan ilẹ̀kùn. Bọ́ọ̀dù a ka iye ìkàn inú ìṣẹ́jú kan, a pín in sí méjì, a sì fi ìdáhùn hàn gẹ́gẹ́ bí RPM. Nítorí náà fáànù tí ń yí ní 1,200 RPM ń kàn ní ìgbà 40 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Àwọn fáànù díẹ̀ wà tí ń kàn lẹ́ẹ̀mẹrin. Bọ́ọ̀dù tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ yóò kọ 2,400 sí ojú rẹ̀, ẹni tí ó sì kà á yóò rò pé fáànù ń ya wèrè. Èyí tí ó ní wáyà mẹ́rin ní ọ̀kan sí i, èyí tí bọ́ọ̀dù fi ń pàṣẹ fún un kí ó sáré tàbí kí ó rọra.

Níbi tí òdo bá wà, tí ìyẹ́ sì ń yí lójú kedere, fáànù kò kú; oníròyìn ni kò sọ̀rọ̀. Ó lè jẹ́ pé fáànù oníwáyà méjì ni, èyí tí kò ní oníròyìn rárá. Ó lè jẹ́ pé wáyà kẹta já nígbà tí a ń fà á yọ kúrò nínú àpótí àtijọ́. Ó sì lè jẹ́ pé ẹnu tí a fi í sí kọ́ ni tirẹ̀. Lórí bọ́ọ̀dù púpọ̀ ni ẹnu kan wà tí a kọ CPU_FAN sí lára, fún fáànù ọpọlọ nìkan. Bí a bá fi fáànù náà sí ẹnu mìíràn, bọ́ọ̀dù a kígbe pé fáànù ọpọlọ kò sí, a sì kọ̀ láti jí, bẹ́ẹ̀ ni fáànù ń yí.

Èyí tí ó léwu jù ni iye tí ó dára nígbà tí fáànù ti kú. A máa ń lo wáyà oníẹ̀ka láti fi fáànù méjì sí ẹnu kan, ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ni ó sì ń ròyìn. Bí èkejì bá kú, ìròyìn kò ní yí padà. Nítorí èyí, ojú ni kí a kọ́kọ́ fi wo fáànù kọ̀ọ̀kan, kí a sì na pélébé ìwé kan sí ẹ̀yìn rẹ̀ láti mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń lọ. Kí a má ṣe fi ìka wádìí.

Ooru ni ó kù. Ẹyọ kékeré tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní ọpọlọ kọ̀ǹpútà ni ó ń gbóná jù. Nígbà tí ooru rẹ̀ bá fẹ́rẹ̀ tó 100°C, tàbí 95°C fún àwọn mìíràn, yóò fúnra rẹ̀ dẹ ìrìn, gẹ́gẹ́ bí àgbẹ̀ ti ń fi ọkọ́ sílẹ̀ lábẹ́ igi ní ọ̀sán gangan. Bí ooru bá tún gòkè, yóò pa iná ara rẹ̀ kí ó má bàa jóná.

Kò sí fáànù tí ó lè mú ọpọlọ náà tutù ju afẹ́fẹ́ yàrá lọ, nítorí afẹ́fẹ́ yàrá náà ni ó ń fẹ́ sí i. Ìyàtọ̀ láàárín ooru ọpọlọ àti ooru yàrá ni kí a máa wò. Kí a so òṣùwọ̀n ooru mọ́ ògiri. Ní òwúrọ̀, kí a fún kọ̀ǹpútà ní iṣẹ́ kan fún ìdajì wákàtí, kí a sì kọ iye méjèèjì sílẹ̀. Ètò bí HWiNFO a máa fi ooru ọpọlọ hàn bí iṣẹ́ ti ń lọ. Ní agogo mẹ́ta ọ̀sán, kí a tún fún un ní iṣẹ́ kan náà. Ká ní yàrá jẹ́ 26°C ní òwúrọ̀ tí ọpọlọ sì jẹ́ 66°C, ìyàtọ̀ jẹ́ 40. Bí yàrá bá di 34°C ní ọ̀sán tí ọpọlọ sì di 74°C, 40 náà ni. Ara kọ̀ǹpútà dá. Yàrá ni ó gbóná. Fèrèsé ni kí a ṣí, kí a sì fa àpótí kúrò lára ògiri, nítorí nínú yàrá kótópó a sábà máa ń ti ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ ògiri gan-an, níbi tí afẹ́fẹ́ gbígbóná yẹ kí ó gbà jáde. Ṣùgbọ́n bí 40 oṣù Ọ̀wàrà bá di 55 nínú oṣù Èrèlé lórí iṣẹ́ kan náà, nǹkan ti dí ọ̀nà ooru. Etí ojú-ewé oṣù kọ̀ọ̀kan nínú Àlùmánákì tó láti kọ ìyàtọ̀ náà sí.

Ní Àpápá ohun tí ń dí i kò jìnnà. Eruku ọ̀nà tí ọkọ̀ akẹ́rù ń tú sókè, afẹ́fẹ́ oníyọ̀ láti inú òkun, èéfín jẹnẹrétọ̀ àwọn aládùúgbò, àti ọyẹ́ tí ó ń dé lé gbogbo wọn. Èéfín ní ọ̀rá nínú; òun ni ó ń jẹ́ kí eruku lẹ̀ pinpin. Eruku yìí a wọ àárín ewé irin tí ó wà lábẹ́ fáànù ọpọlọ, níbi tí ojú kò tó. Fáànù a máa sáré gidigidi, iye rẹ̀ a sì dára lójú, ṣùgbọ́n bí ẹni ń fẹ́ ẹwìrì sí ara ògiri ni. Kí a pa ẹ̀rọ náà, kí a yọ ọ́ kúrò lára iná, kí a gbé e jáde síta, kí a fi aṣọ bo imú, kí a fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tú eruku náà, kí a sì fẹ́ ẹ dànù. Bí a bá ń fẹ́ ẹ, kí a di ìyẹ́ fáànù mú, nítorí àfipáyí a máa ba inú rẹ̀ jẹ́. Àpótí kékeré tí ń pín iná ni kí a má ṣe tú: iná a máa kù nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí a ti yọ ọ́.

Eruku a máa gbé ìyàtọ̀ ga díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá ti ga láti ọjọ́ tí a to ẹ̀rọ náà, ìjókòó irin ni kí a yẹ̀ wò: bóyá ẹsẹ̀ kan nínú mẹ́rin kò wọlé, tàbí a gbàgbé ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó bo ìdí irin titun, tàbí ìpara àárín rẹ̀ ti gbẹ. Kí a fi sípírítì nu ìpara àtijọ́ kúrò, kí a sì fi titun tí kò ju hóró ẹ̀wà kan lọ sí i.

Ọ̀pọ̀ a máa di ẹ̀bi ru jẹnẹrétọ̀ pé iná rẹ̀ ń ṣe ségesège ni fáànù fi ń rọ. Èyí ṣọ̀wọ́n. Fólítì 12 ni fáànù ń jẹ, àpótí tí ń pín iná sì ní láti pa á mọ́ láàárín 11.4 àti 12.6, bí kò bá lè ṣe é mọ́, kọ̀ǹpútà yóò kú lódindi kí fáànù tó dẹ ìrìn. Èéfín rẹ̀ ni ó jẹ̀bi.

Ní ti fáànù tí a bá yọ nínú kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì òkè òkun, àwọn kan ní ihò márùn-ún ní ẹnu, àwọn mìíràn sì to wáyà wọn lọ́nà tiwọn. Kí a wá ibi tí iná ń gbà wọlé àti ibi tí ó ń gbà padà kí a tó tì í bọ orí bọ́ọ̀dù mìíràn. Bí kò bá wọ̀ ní pẹ̀lẹ́, kí a dá a padà fún ẹni tí ó tà á.