Èdè-Ìperí fún Eré-Ìje Ọkọ̀ Aláìbotáyà àti Ètò Owó Rẹ̀

1. Ìfáárà

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ gbé àwọn ọ̀rọ̀ kan yẹ̀ wò, tí a lè fi ṣàlàyé ní èdè Yorùbá bí eré-ìje tí ó ń jẹ owó púpọ̀ ṣe lè máa bọ́ ara rẹ̀, kí ó sì tún gbayì lójú àwọn ènìyàn. Eré-ìje náà ni èyí tí Formula 1 àti IndyCar jẹ́ ẹ̀yà rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí wa tó bí a ti lè rò. Ìdíje àgbáyé Formula 1 wáyé ní Casablanca, ní ilẹ̀ Morocco, ní 1958. Ó wáyé ní Kyalami, ní South Africa, lọ́pọ̀ ìgbà láàrin 1967 àti 1985, àti ní 1992 àti 1993. Ní oṣù Kejìlá 2024, Ààrẹ Paul Kagame kéde pé Rwanda ń fẹ́ gba ìdíje náà lálejò. South Africa náà ti fi hàn pé òun fẹ́ kí ó padà. Bí ìjọba bá fẹ́ ná owó ìlú sí irú nǹkan báyìí, ó yẹ kí ẹni tí ń san owó-orí lè lóye àdéhùn náà ní èdè rẹ̀. Èrò tiwa ni pé ọ̀rọ̀-ìperí tí kò yẹ lè bo ẹni tí ń sanwó àti ẹni tí ń gbà á mọ́lẹ̀.

2. Orúkọ ọkọ̀ náà

Ẹni tí ó bá dúró ní Pedro, láàrin Ṣómólú àti Bàrígà, yóò rí i pé bódì dánfó àti ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni ó bo òkè táyà wọn. Nínú ọkọ̀ tí à ń wí yìí, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yọ síta gbangba, ìjókòó kan ṣoṣo ni ó sì wà nínú rẹ̀. Bí atúmọ̀ èdè bá pè é ní ‘ọkọ̀ oníkẹ̀kẹ́ ṣíṣí’, ará Pedro yóò rò pé kẹ̀kẹ́ Márúwá ni, tàbí pé táyà ọkọ̀ ti ṣí dànù. Nítorí náà ni a ṣe dábàá ọkọ̀-ìje aláìbotáyà. Ọ̀rọ̀ náà ‘táyà’ ti di ti Yorùbá pátápátá lẹ́nu àwọn tí ń lẹ̀ ẹ́. Kò sí ìdí láti wá òmíràn.

Àìbotáyà yìí kan owó. Táyà tí ń yí ní gbangba a máa da afẹ́fẹ́ rú, àwọn ẹgbẹ́ sì ń gba ọ̀pọ̀ onímọ̀ ẹ̀rọ síṣẹ́ láti wá ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ yóò gbà kọjá lára ọkọ̀. Ibẹ̀ ni owó púpọ̀ ń gbà lọ. Bákan náà, afẹ́fẹ́ tí ọkọ̀ iwájú ti dà rú kì í jẹ́ kí ọkọ̀ ẹ̀yìn di ilẹ̀ mú dáadáa ní kọ́nà. Bí ọkọ̀ kan kò bá wá lè ya òmíràn sílẹ̀, eré náà yóò sú òǹwòran. Láti dín ìṣòro yìí kù ni Formula 1 ṣe yí òfin bí a ṣe ń ṣe ọkọ̀ padà ní 2022.

3. Onígbọ̀wọ́ tàbí olùpolówó?

Lórí rédíò, onígbọ̀wọ́ ni à ń pe ilé-iṣẹ́ tí ó sanwó fún ètò. Ṣùgbọ́n nínú àṣà wa, onígbọ̀wọ́ ni ẹni tí ó dúró fún ajigbèsè. Bí gbèsè bá dé, òun ni a ó dì mú. Ilé-iṣẹ́ tí ó kọ orúkọ rẹ̀ sára ọkọ̀-ìje kò ṣe irú ìlérí bẹ́ẹ̀. Ojú òǹwòran ni ó rà. Láti 1968, nígbà tí ẹgbẹ́ Lotus kun ọkọ̀ rẹ̀ ní àwọ̀ sìgá Gold Leaf, owó oní-sìgá ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ fi ń jẹun. Nígbà tí òfin Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Yúróòpù fi òté lé irú ìpolówó bẹ́ẹ̀ ní 2005, àwọn ẹgbẹ́ ní láti wá owó sí ibòmíràn. Olùpolówó ni ó yẹ kí a pè wọ́n, kí òǹkàwé má baà rò pé wọn yóò dúró ní ọjọ́ ìṣòro.

4. Ìṣúná àti gbèdéke ìnáwó

Ìṣúná ni ètò tí ẹgbẹ́ kan ṣe fún owó ara rẹ̀. Gbèdéke ìnáwó ni iye tí òfin sọ pé ẹgbẹ́ kankan kò gbọdọ̀ ná kọjá. A kò gbọdọ̀ pa méjèèjì pọ̀, nítorí olówó náà ní ìṣúná. Ní 2009, àjọ FIA dábàá gbèdéke ogójì mílíọ̀nù pọ́n-ùn. Ẹgbẹ́ tuntun mẹ́ta wọlé ní 2010, ṣùgbọ́n àwọn ẹgbẹ́ ńlá ti kọ̀ jálẹ̀, gbèdéke náà kò sì wáyé. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta náà, HRT, ṣíwọ́ ní ìparí 2012. Èkejì, tí orúkọ rẹ̀ ti di Caterham, ní 2014. Ẹ̀kẹta, tí ó ti di Manor, ní ìbẹ̀rẹ̀ 2017. Ní 2021 ni gbèdéke tó dé, ó sì jẹ́ mílíọ̀nù 145 dọ́là. Owó oṣù àwọn awakọ̀ kò sí nínú rẹ̀. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́: iye tí eré náà ń mú wọlé ni ó yẹ kí ó pinnu iye tí a ń ná sí i.

Ọ̀nà mìíràn ni ọkọ̀ abáradọ́gba, èyíinì ni pé kí gbogbo ẹgbẹ́ máa lo bódì kan náà. Láti 2012 ni IndyCar ti ń ra bódì lọ́wọ́ Dallara ti ilẹ̀ Ítálì nìkan. Ṣùgbọ́n dídín ìnáwó kù nìkan kò tó. A1 Grand Prix, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2005, lo ọkọ̀ abáradọ́gba fún ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè, ó sì dé Durban. Síbẹ̀ àìrówó mú un kógbá sílé ní 2009.

5. Owó ìgbàlejò àti ìpín

Bí atúmọ̀ èdè bá pe owó tí ó so pápá eré-ìje mọ́ àwọn tí ó ni Formula 1 ní ‘owó ìlò-ilẹ̀’, ó ti yí ọ̀rọ̀ po. Ẹni tí ó ni pápá ni ó ń sanwó fún àlejò, kì í ṣe àlejò ni ó ń sanwó fún onílẹ̀. Owó ìgbàlejò ni kí a pè é. Nínú owó yìí, owó tẹlifíṣọ̀n àti ti olùpolówó ni a ti ń pín fún àwọn ẹgbẹ́. Ìpín ni èyí, kì í ṣe ẹ̀bùn. Àdéhùn 2021 sì mú kí ó dọ́gba díẹ̀ sí i ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ní Amẹ́ríkà, àjọ méjì tí ń bára wọn díje pín àwọn òǹwòran sí méjì láti 1996. Ní 2008 ni wọ́n tó padà di ọ̀kan, lẹ́yìn tí ọ̀pọ̀ òǹwòran ti lọ.

6. Àgbálọgbábọ̀

Ní Pedro, bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀ àdúgbò Èkó, àwọn ènìyàn ń sanwó wọ ilé ìwòran nítorí bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n mọ àwọn agbábọ́ọ̀lù ní orúkọ, wọ́n sì ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń jiyàn lé wọn lórí. Irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ni fíìmù alátẹ̀léra tí Netflix bẹ̀rẹ̀ ní 2019 fún àwọn òǹwòran Formula 1: ó sọ ìtàn àwọn awakọ̀ bí ènìyàn. Ìpè tiwa sí àwọn olùkọ́ àti atúmọ̀ èdè ni pé kí wọ́n dán àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí wò ní kíláàsì àti lórí rédíò. Ẹni tí ó bá gbọ́ ‘owó ìgbàlejò’ yóò béèrè ẹni tí yóò san án. Ẹni tí ó bá gbọ́ ‘gbèdéke’ yóò béèrè iye tí ó jẹ́. Ó yẹ kí a ti lè béèrè ìbéèrè méjèèjì ní èdè wa kí ìjọba kankan tó fọwọ́ sí ìwé.